Tá ló ń pàṣẹ ní Timbuktu láyé àwọn Askia: ọba, kádì àbí oníṣòwò?

Awáfin-Ìtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òpó yìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá lórí ìjọba Songhay lẹ́bàá Odò Ọya, pàápàá láti 1493 títí dé 1591, láyé àwọn ọba tí oyè wọn ń jẹ́ Askia.

Ìkínní: Gao ni ọba ń gbé, àmọ́ mo ń kà á pé kádì (adájọ́ òfin Mùsùlùmí) Timbuktu ló ń dá ẹjọ́ Timbuktu, kódà ó lè lé ìránṣẹ́ ọba padà. Báwo ni ìyẹn ṣe ṣeé ṣe? Ìkejì: gbogbo ènìyàn ló ń pariwo wúrà àti iyọ̀, a kì í gbọ́ iye. Eélòó ni wọ́n ń tà á? Ìkẹta: wọ́n máa ń sọ pé "Yunifásítì Sankore" ní akẹ́kọ̀ọ́ 25,000. Ṣé àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, inú Tarikh al-Sudan àti Tarikh al-Fattash, ìwé ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ kọ, ni kí ẹ ti bá mi mú un, tàbí lọ́dọ̀ arìnrìn-àjò tó fojú ara rẹ̀ rí i.

---

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìjọba.

Askia Muhammad kì í ṣe ọmọ oyè. Ọ̀gágun ni lábẹ́ Sonni Ali, ọba tó gba Timbuktu ní 1468 tó sì fi ojú àwọn onímọ̀ ibẹ̀ rí màbo. Nígbà tí Sonni Ali kú ní 1492, ọmọ rẹ̀ gorí oyè; Muhammad gbógun tì í ní 1493, ó gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tí baba rẹ̀ kò jókòó sí gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀sìn ni Askia dì mú. Ó gbéra lọ sí Mẹ́kà ní 1496, wọ́n fi í jẹ aṣojú Kálífà fún ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí al-Maghili, onímọ̀ òfin láti Tlemcen, lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, owó orí àti ogún. Ọba tó ti gba ẹnu àwọn onímọ̀ wọ inú ìjọba kò lè tún pa ẹnu wọn mọ́.

Ìṣètò rẹ̀ rèé. Apá ìwọ̀-oòrùn wà lábẹ́ Kurmina-fari, tó ń gbé ní Tendirma. Mọ̀lẹ́bí ọba ni wọ́n sábà máa ń fi sí ibẹ̀, agbára rẹ̀ sì ni ó tẹ̀ lé ti ọba. Apá gúúsù-ìlà-oòrùn wà lábẹ́ Dendi-fari, òun nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójú ọba láìfi bò. Hi-koy ni olórí ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ọkọ̀ ọba lórí Odò Ọya wà níkàáwọ́ rẹ̀. Fari-mondzo ń bójú tó oko. Korey-farma ń bójú tó àwọn àlejò aláwọ̀ funfun. Ẹ kíyè sí i pé "koy" nínú èdè wọn dà bí "oní" tàbí "olú" tiwa, ẹni tó ni nǹkan. Timbuktu-koy ni olórí ìlú. Timbuktu-mondzo ni ojú ọba níbẹ̀.

Ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ogún, gbèsè, owó ọmọ òrukàn, àdéhùn oníṣòwò, ọ̀dọ̀ kádì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Mahmud ibn Umar, ará ìdílé Aqit, jẹ kádì láti 1498 di 1548. Àádọ́ta ọdún! Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló tún ń jẹ ẹ́ léraléra. Ọba ló ń fọwọ́ sí i, àmọ́ kò sí ọba tó lè fi ẹni tí ìlú kò fẹ́ síbẹ̀ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ti ìránṣẹ́ tí ẹ béèrè, inú Tarikh al-Fattash ló wà. Kádì Mahmud ń lé ìránṣẹ́ ọba kúrò nílùú. Askia Muhammad wá fúnra rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé. Kádì ní ṣé ọba ti gbàgbé ọjọ́ tó wá bá òun nílé, tó di òun mú lẹ́sẹ̀ àti láṣọ, tó bẹ òun pé kí òun gba ọba lọ́wọ́ iná ọ̀run? Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni òun ṣe ń lé ìránṣẹ́ padà. Ọba ní òun ti gbàgbé lóòótọ́, ó sì dúpẹ́. Yálà ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí àwọn ará Timbuktu gbà pé ó tọ́ láàárín ọba àti kádì ni ìtàn náà ń sọ.

---

Oníyọ̀

Alákọsílẹ̀, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti àdéhùn tí ẹ dárúkọ yẹn, òun ni ọjà rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi iye sí i.

Ẹni tó fún wa ní iye tó ṣe kedere jù ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, tó kọjá níbẹ̀ ní 1352 sí 1353, nígbà tí Màlì ṣì ni alágbára, lábẹ́ Mansa (ìyẹn ọba) Sulayman. Ó gba Sijilmasa, ìlú kan ní Mòrókò, wọ aṣálẹ̀, ó dé Taghaza lẹ́yìn ọjọ́ 25. Ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ ni Taghaza: iyọ̀ ni ògiri ilé, iyọ̀ ni ògiri mọ́sálásí, awọ ràkúnmí ni òrùlé. Kò sí igi kan ṣoṣo. Ẹrú àwọn Masufa, ẹ̀yà kan nínú aṣálẹ̀, ló ń gbẹ́ iyọ̀ náà jáde ní pátákó-pátákó. Oúnjẹ wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, èso déètì láti àríwá, ọkà láti gúúsù. Bí àwọn arìnrìn-àjò oúnjẹ bá pẹ́ jù lọ́nà, ebi dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń fo ẹrú wọ̀nyí dá nígbà tí wọ́n bá ń yin ọrọ̀ Màlì. Kò yẹ ká fò wọ́n.

Ràkúnmí kan ń ru pátákó méjì. Ẹrù ràkúnmí kan yẹn:

— ní Walata, ìlú etí gúúsù aṣálẹ̀, mithqal wúrà 8 sí 10;
— ní olú-ìlú Màlì, 20 sí 30, nígbà mìíràn 40.

Mithqal kan ń lọ bíi gíráàmù mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé láàárín Walata àti olú-ìlú, owó ẹrù kan náà lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iyọ̀ yìí kò dàrú nínú gbígbóná; omi ni ọ̀tá rẹ̀, àti fífọ́. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ ná bí owó, nítorí náà pátákó tó bá fọ́ dànù sójú ọ̀nà, owó ló dànù.

Ibi tí ikú wà gan-an ni lẹ́yìn Taghaza: ọjọ́ mẹ́wàá láìsí omi. Wọ́n máa ń háyà ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní takshif. Òun nìkan ni yóò lọ ṣáájú sí Walata pẹ̀lú lẹ́tà àwọn oníṣòwò, kí àwọn ará wọn níbẹ̀ lè gba ilé fún wọn, kí wọ́n sì gbé omi pàdé wọn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí ìlú. Bí takshif bá kú lọ́nà, Walata kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀, òùngbẹ yóò sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Takshif tí àwọn Ibn Battuta háyà gba 100 mithqal. Ojú rẹ̀ kan fọ́, èkejì ń ṣàìsàn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó o. Ẹ fi 100 yẹn wé 10 tí wọ́n ń ta ẹrù kan ní Walata: owó ẹrù ràkúnmí mẹ́wàá ni wọ́n san fún lẹ́tà kan ṣoṣo.

Owó ẹyọ náà ń ná níbẹ̀ bíi tilẹ̀ wa: 1,150 ẹyọ fún dínárì wúrà kan. Ní Takedda, ọ̀pá bàbà ni wọ́n ń ná: 400 nínú èyí tó nípọn fún mithqal kan, 600 sí 700 nínú tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ayé Songhay, ipa ọ̀nà náà gba Timbuktu. Láti èbúté Kabara, ọkọ̀ ojú omi ń gbé iyọ̀ lọ sí Jenne, wọ́n sì ń gbé wúrà, obì àti ọkà bọ̀. Ẹni tó kọ Tarikh al-Sudan sọ ọ́ ní gbangba pé nítorí Jenne ni èrò ṣe ń rọ́ wá sí Timbuktu láti ibi gbogbo.

---

Ìyá_Ibeji_Màgó

Ẹ kú làákàyè o. Mansa Musa ńkọ́? Wọ́n ní ó ba ọjà Íjíbítì jẹ́ pátápátá nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà.

---

Oníyọ̀

Mà, "ba ọjà jẹ́" wà níbẹ̀, "pátápátá" ni kò sí. Ọdún 1324 ló dé Káírò. Al-Umari, òǹkọ̀wé Lárúbáwá tó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará Káírò ní ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, kọ ọ́ pé mithqal wúrà kì í dín ní dírámù (owó fàdákà) 25 kó tó dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ó já sí 22 tàbí kó dín díẹ̀, kò sì tíì padà sípò. Ìyẹn jẹ́ bíi méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Oníṣòwò wúrà yóò ké, àmọ́ ọjà kò dojú dé. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé owó tán lọ́wọ́ Mansa fúnra rẹ̀, ó sì yá owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Káírò kó tó lè padà sílé.

---

Ọmọ_Àlùfáà

Ó kan ìbéèrè kẹta.

Kò sí ilé kan tí wọ́n ń pè ní yunifásítì. Sankore jẹ́ mọ́sálásí àti àdúgbò tó yí i ká. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan láti ẹ̀yà Aghlal ni Tarikh al-Sudan sọ pé ó kọ́ ọ, kì í ṣe Mansa Musa. Mọ́sálásí Djinguereber ni ti Musa. Kádì al-Aqib, ọmọ Mahmud yẹn kan náà, tún Sankore kọ́, wọ́n sì ní okùn tó fi wọn Káábà nígbà tó lọ sí Mẹ́kà ló fi wọn àgbàlá inú rẹ̀.

Olùkọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ bá ẹni tó mọ ìwé kan, ó ń kà á níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, olùkọ́ ń ṣàlàyé, ń tún un ṣe. Bó bá parí, olùkọ́ fún un ní ìjásà: ìwé tó sọ pé lágbájá ti ka ìwé yìí lọ́dọ̀ mi, èmi náà kà á lọ́dọ̀ tàmẹ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni yóò tò ó títí kan ẹni tó kọ ìwé náà. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìjásà tirẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá kú láìfún ẹnikẹ́ni, okùn yẹn já ní ìlú náà.

Ìwé òfin Maliki, ọ̀kan nínú ẹ̀ka òfin Mùsùlùmí, ló gbawájú: Muwatta ti Malik, Mudawwana ti Sahnun, Risala, àti Mukhtasar ti Khalil. Mukhtasar yẹn, wọ́n fún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbólóhùn kan fi lè gba àlàyé ojúewé mẹ́ta. Ahmad Baba, onímọ̀ Timbuktu láti ìdílé Aqit, kà á léraléra lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Muhammad Baghayogho.

Ẹ wo ọjọ́ kan nínú ayé Baghayogho bí Ahmad Baba ṣe kọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ ló ti ń kọ́ni títí oòrùn yóò fi ga. Ó lọ sílé kírun, nígbà mìíràn ó yà lọ́dọ̀ kádì láti bá àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àílà, ó tún kọ́ni dé àsárì. Lẹ́yìn àsárì, ó lọ kọ́ni níbòmíràn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Láàárín ìrun mùgùrùbá àti ìṣáì, mọ́sálásí ni. Ìwé rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n jù lọ, ó ń yá wọn fún ẹni tó bá béèrè, kò sì ń béèrè wọn padà.

Ti iye akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó wà nínú Tarikh al-Fattash ni pé ilé-kéú àwọn ọmọdé tó 150 ó lé ní Timbuktu. Kò kọ 25,000. Ó tiẹ̀ mú wa wọ inú agbo olùkọ́ kan, Ali Takariya. Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun àílà; ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kó ẹyọ márùn-ún tàbí mẹ́wàá wá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,725. Òǹkọ̀wé náà wo àgbàlá, ó ka wàláà tó wà nílẹ̀: 123.

Ẹni tó bá ti rí ilé-kéú ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé. Owó alárùúbá nìyẹn.

---

Awáfin-Ìtàn

Orí mi wú! Ọmọ_Àlùfáà, ẹ ṣé gan-an. Ẹ tún bá mi dé ibi ìwé fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ìwé wọ́n ju ọjà yòókù lọ. Ta ló ń kọ ọ́, eélòó sì ni?

---

Onígègé

Leo Africanus ló kọ ìyẹn, arìnrìn-àjò tó dé Timbuktu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún: èrè tí wọ́n ń jẹ lórí ìwé tó ń ti àríwá wá pọ̀ ju ti ọjà yòókù.

Bébà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Timbuktu. Òkè aṣálẹ̀ ló ti ń wá lórí ràkúnmí, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi bébà ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń kọ́ lórí wàláà, tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n sì ń tún kọ.

Fún iye, àkọsílẹ̀ kan wà lára àdàkọ ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá kan, Muhkam ti Ibn Sida, tí wọ́n dà kọ ní Timbuktu nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Apá 28 ni. Ẹni tó ń dà á kọ gba mithqal kan lórí apá kan; ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gba ìdajì mithqal. Ẹ rí i pé àyẹ̀wò ní owó tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnìkan á máa ka ìwé àkọ́kọ́ sókè, èkejì á máa fi ojú tẹ̀ lé àdàkọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ojú fò. Ọ̀rọ̀ kan náà bá wà ní ìlà kẹta àti ìlà keje, adàwékọ gbé ojú sókè láti ki gègé bọ tàdáwà, nígbà tó padà, orí ti ìlà keje ló balẹ̀. Ìlà mẹ́rin ti lọ, gbólóhùn sì lè ṣì jọra. Bó bá jẹ́ ìwé òfin ni, "kò tọ́" lè di "ó tọ́". Bí ayẹ̀wéwò bá rí i, etí ìwé ló ń kọ èyí tó jábọ́ sí, á fi àmì sí ibi tó yẹ kó wà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọn kì í rán ọ̀pọ̀ ìwé apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀. Ojúewé wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú awọ tí wọ́n fi dì í. Ó dára fún kíkà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ojúewé mẹ́wàá tó kàn án lọ. Àmọ́ bí ó bá tú ká, iṣẹ́ dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí ojúewé tó kàn máa fi bẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojúewé tó ṣáájú. Ẹni tó bá ń to ìwé tó ti dàrú, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Ibi tí ó ti yà mí lẹ́nu jù nìyí: Askia Dawud, tó jọba láti 1549 títí di nǹkan bí 1582, ra ìwé atúmọ̀ èdè mìíràn, Qamus, fún onímọ̀ kan, Alfa Mahmud Kati, ní 80 mithqal. Ẹ fi wé owó Oníyọ̀: ẹrù iyọ̀ ràkúnmí méjì ní olú-ìlú Màlì, lọ́jọ́ tó wọ́n jù, fún ìwé kan. Tarikh al-Fattash sọ pé Dawud náà ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìpamọ́ owó àti ìwé, ó sì ní àwọn adàwékọ tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

---

Alákọsílẹ̀

Owó yẹn ló sọ ohun tó gbé kádì ró. Oníṣòwò láti Fez tàbí Tuwat ní àríwá aṣálẹ̀ kò lè dúró ní Timbuktu gba gbèsè tirẹ̀. Ó nílò àdéhùn tí kádì fọwọ́ sí, tí kádì ìlú tirẹ̀ náà lè kà. Ìwé òfin kan náà ni wọ́n jọ kà. Bí àlejò bá kú síbẹ̀, wọn kì í gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀; Ibn Battuta yin Màlì gidigidi lórí èyí, pé ọwọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán láàárín àwọn ará ìlú òkú ni wọ́n ń fi ẹrù sí títí ẹni tó ni ogún yóò fi dé. Ọba tó bá ba ọlá kádì jẹ́, owó ibodè tirẹ̀ ló bà jẹ́.

Ìbọn ni kò sí nínú ètò náà. Al-Mansur, ọba Mòrókò, kọ́kọ́ béèrè owó orí lórí iyọ̀ Taghaza, mithqal kan lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rán ọ̀gágun rẹ̀, Judar Pasha, pẹ̀lú nǹkan bí ọmọ ogun 4,000, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n pàdé ogun Askia Ishaq Kejì ní Tondibi ní oṣù Kẹta 1591. Ogun Songhay pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ọ̀kọ̀ àti ọfà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fọ́nká.

Ní 1593, wọ́n kó àwọn onímọ̀ Timbuktu, pàápàá ìdílé Aqit, wọ́n dè wọ́n ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Marrakesh. Ahmad Baba já bọ́ lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nígbà tó dé iwájú al-Mansur, ó sọ fún un pé ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ìwé tòun ló kéré jù nínú ti gbogbo mọ̀lẹ́bí òun.

---

Ìyá_Ibeji_Màgó

1,600, òun ló kéré jù! Ọkàn mi bà jẹ́. Ṣé ó padà sílé?

---

Ọmọ_Àlùfáà

Ó padà, mà, ní 1608, lẹ́yìn ikú al-Mansur. Timbuktu ló kú sí ní 1627.

Ibẹ̀ ló sì ti kàn wá. Ní 1615, àwọn ará Tuwat kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń kó wá tà, ta ló tọ́ láti rà. Èsì rẹ̀ ni Miʿraj al-Suʿud. Ó ní dúdú kì í ṣe ìdí ẹrú, kò sì gba ìtàn pé wọ́n gégùn-ún fún ọmọ Hámù. Ó ní ẹni tó bá ti ìlú Mùsùlùmí wá, òmìnira ni. Lẹ́yìn náà ó to orúkọ àwọn tí kò tíì gba ẹ̀sìn: Mossi, Gurma, Busa, Borgu, àti Yorùbá. Ọ̀kan lára ibi tó pẹ́ jù lọ tí a ti rí orúkọ wa nínú ìwé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe wà. Orúkọ wa wọ inú ìwé yẹn nínú àkójọ àwọn tí òfin ìgbà náà gbà pé ó ṣeé rà. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè òun fúnra rẹ̀ kọjá aṣálẹ̀ ló kọ ọ́.

---

Awáfin-Ìtàn

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ìbéèrè kan péré ló kù: "Alfa" tí Onígègé kọ síwájú orúkọ Mahmud Kati, ṣé òun ni àlùfáà wa?

---

Onígègé

Òun ni. Oyè àwọn onímọ̀ ni lédè Songhay, ọ̀dọ̀ wọn ló ti bá ẹ̀sìn rìn wọ èdè wa, àwọn ará Ìlọrin sì ń pè é ní àáfà títí dòní. "Ìmàle" náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ló so ó mọ́ Màlì. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù dé, wọ́n gba àlùfáà fún oníwàásù tiwọn, ó sì wọ inú Bíbélì Yorùbá.